Yíyọ kókó límfù nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú l'Ékòó

Láti Ìdí-Àràbà dé Ìkẹjà, láti Ẹ̀bútè Mẹ́tta dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ìbéèrè kan náà ni àwọn obìnrin àti ẹbí wọn ń béèrè nípa iṣẹ́ abẹ yìí. A kó wọn jọ síbí; èyí tó rọrùn ló ṣáájú. Dókítà tó ń tọ́jú yín ló mọ bí ara yín ṣe rí. Ohun tí ẹ ó kà níhìn-ín ni ẹ ó fi mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi í.

Kí ni kókó límfù, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ ọrùn ilé ọmọ?

Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, kókó kan máa ń yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, á sì máa dunni. Kókó límfù nìyẹn. Wọ́n wà káàkiri ara, wọn kì í sábà tóbi ju ẹ̀wà lọ, òpó tín-ín-rín ló sì so wọ́n pọ̀. Omi límfù ń gba inú òpó wọ̀nyí kọjá, àwọn kókó náà á máa sẹ́ ẹ bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ohun tí kò yẹ kó wà nínú ara, ibẹ̀ ló máa ń há sí.

Ọrùn ilé ọmọ ni apá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ tó yọ sínú ojú ara obìnrin. Bí jẹjẹrẹ ibẹ̀ bá fẹ́ rìn, ó sábà máa ń gba òpó límfù lọ sí àwọn kókó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìbàdí, lẹ́yìn náà sí ti ẹ̀yìn ikùn. Àwọn kókó yìí ló ń sọ fún wa bóyá àìsàn náà ṣì jókòó sójú kan tàbí ó ti jáde. Láti ọdún 2018, ìlànà FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin, ti sọ pé bí jẹjẹrẹ bá ti dé kókó ìbàdí, ìpele IIIC1 ni, bó ti wù kí èyí tó wà lọ́rùn ilé ọmọ kéré tó. Bó bá dé kókó ẹ̀yìn ikùn, IIIC2 ni.

Ṣé gbogbo ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kókó fún?

Rárá. Ìpele ló ń sọ ọ́. Ní IA1, níbi tí jẹjẹrẹ kò tíì wọlé ju mílímítà 3 lọ, tí láàbù kò sì rí i nínú òpó límfù tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, a kì í fọwọ́ kan kókó kankan. Bí láàbù bá rí i nínú òpó wọ̀nyẹn, tàbí tó bá jẹ́ IA2, IB1 tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, IB2 tí kò ju 4 lọ, tàbí IIA1, iṣẹ́ abẹ ni a sábà ń ṣe, a ó sì yẹ kókó wò.

Bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, tàbí tó ti ràn mọ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ, tí í ṣe IIB, ìtọ́jú onítànṣán pẹ̀lú oògùn cisplatin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òpómúléró. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti kọjá ìpele iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá san owó iṣẹ́ abẹ fún IIB, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹ ṣì máa gba ìtànṣán lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán lára ẹnìkan ṣoṣo máa ń fi ìnira kún ìnira: ẹsẹ̀ á wú jù, àpò ìtọ̀ àti ìfun náà á sì jìyà jù.

Ibo gan-an ni wọ́n ti ń yọ wọ́n, mélòó sì ni wọ́n ń yọ?

Ẹ wò ó bí àpótí méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Òrùlé àpótí náà ni ibi tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ti pín sí méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni iṣan kékeré kan tó dábùú iṣan ńlá náà kó tó wọ itan. Ògiri òde ni ẹran psoas, ẹran gígùn tó ti ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn wá sí itan, tí iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín kan dùbúlẹ̀ lé lórí. Ògiri inú ni ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ bọ̀ láti kíndìnrín. Nílẹ̀ àpótí náà ni iṣan ìmọ̀lára obturator wà, ó funfun, ó sì le bí okùn. Gbogbo ọ̀rá tó wà láàrin wọn ni dókítà máa ń yọ pẹ̀lú kókó inú rẹ̀, ní odidi. A kì í ṣa kókó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yọ, 20 sí 30 kókó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í ṣe ohun àjèjì, ṣùgbọ́n ara yàtọ̀ sí ara. Ìlànà TNM, tí a fi ń to jẹjẹrẹ sí ìpele, sọ pé ó kéré tán, ó yẹ kó tó 6. Bí ìwé láàbù bá wá kọ kókó 3 nígbà tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ni àwọn yọ, ẹ bèèrè: ṣé díẹ̀ ni wọ́n yọ ni, àbí láàbù ni kò wá inú ọ̀rá náà tán? Ọ̀rá tó kù nínú ike ṣì ṣeé tún wá.

Ọ̀nà mélòó ni dókítà lè gbà débẹ̀?

Èkíní ni lílà ikùn. Ilà tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ìdodo ń fún dókítà láyè gan-an, ó sì lè nà án sókè bí kókó ẹ̀yìn ikùn bá di dandan. Ilà ìbú ìsàlẹ̀ ikùn, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde, máa ń sàn dáadáa, àpá rẹ̀ kì í sì í hàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé òkè láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá gé ẹran ikùn ní ìbú pẹ̀lú rẹ̀, àyè á gbòòrò sí i.

Èkejì ni oníkámẹ́rà: ihò bíi 4, èyí tó tóbi jù nínú wọn kì í sábà ju mílímítà 12 lọ. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ kún ikùn, wọ́n á dorí bẹ́ẹ̀dì kodò kí ìfun lè sún kúrò lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ kì í dà púpọ̀, obìnrin náà á tètè lọ sílé, iye kókó tí wọ́n ń rí yọ kò sì kéré sí ti lílà ikùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú àpò ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kókó sí kí wọ́n tó fà á jáde. Bí wọ́n bá wọ́ ọ gba ihò láìní àpò, jẹjẹrẹ lè ta sí ojú ihò. Rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ irú kan náà, apá ẹ̀rọ ló kàn ń di irin mú.

Ẹ̀kẹta ni gbígba ẹ̀yìn awọ ikùn wọlé láìṣí awọ náà. Subodh Mitra ní Calcutta lo irú ọ̀nà yìí nígbà tí kámẹ́rà kò tíì dé, ó fi kún iṣẹ́ abẹ ojú ara. Lónìí, kókó ẹ̀yìn ikùn la sábà ń lò ó fún. Ìfun kì í lẹ̀ mọ́ra púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì dára fún ẹni tó ń lọ gba ìtànṣán. Àléébù rẹ̀ ni pé omi límfù rọrùn láti kó jọ níbẹ̀, torí kò rí ọ̀nà wọ inú ikùn.

Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà kò dára fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ó jẹ́ òótọ́ nípa yíyọ ilé ọmọ. Ìwádìí LACC, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, pín obìnrin 631 sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún 4 àti ààbọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n la ikùn fún, 96.5 ló ṣì wà láìsí pé àìsàn padà. Ti oníkámẹ́rà àti rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ 86.0. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ gan-an. Láti ìgbà náà ni lílà ikùn ti padà di ìlànà fún yíyọ ilé ọmọ àti ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wá ya sọ́tọ̀ ni pé yíyọ ilé ọmọ àti yíyọ kókó kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí nínú LACC ni irin tí wọ́n ń kì bọ ọrùn ilé ọmọ láti fi darí rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ara sínú ikùn tó kún fún afẹ́fẹ́, tí jẹjẹrẹ fi lè dà síbẹ̀. Kókó tí wọ́n yọ sínú àpò kò bá ìyẹn tan. Nítorí náà, dókítà tó bá ní òun á fi kámẹ́rà yẹ kókó wò, òun á sì la ikùn yọ ilé ọmọ, kò ṣe àṣìṣe. Ẹ bèèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní kókó aṣíwájú?

Ẹ ronú gọ́tà àdúgbò. Bí òjò bá gbé ìdọ̀tí lọ, kòtò àkọ́kọ́ tí gọ́tà náà já sí ni ìdọ̀tí á kọ́kọ́ dé. Kókó límfù tó kọ́kọ́ gba omi láti ọrùn ilé ọmọ ni kókó aṣíwájú. Bí òun bá mọ́, ó ṣeé ṣe gan-an pé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà mọ́. Dípò kí a yọ 25, a lè yọ 1 tàbí 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìwádìí SENTICOL ní Faransé, tó jáde ní 2011, fi hàn pé bí kókó aṣíwájú bá mọ́, 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà ni àwọn yòókù náà mọ́. Ó dára jù fún jẹjẹrẹ tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ó bá ṣe ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ á máa kọ̀ láti ṣàn dáadáa, torí pé jẹjẹrẹ ti dí òpó. Àǹfààní mìíràn tí a fẹ́ràn gidigidi ni pé àwọ̀ náà máa ń tọ́ka sí kókó tó wà níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé, bíi iwájú egungun ìdí.

Àwọ̀ wo ló dára jù?

Mẹ́ta ló wà: àwọ̀ búlúù, ICG tó ń tàn lábẹ́ kámẹ́rà infrared (èyí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò rí), àti technetium onítànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń dún wá. Ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n ń gún gbogbo wọn sí, ní ibi tí ọwọ́ aago 3 àti 9 máa ń wà. Fún ICG, wọ́n á po mílígíráàmù 25 mọ́ mílílítà 20 omi abẹ́rẹ́. Nínú rẹ̀, mílílítà 4 ni wọ́n máa gún: ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 1 lókè awọ, 1 ní ìsàlẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kí wọ́n tì í. Bí wọ́n bá sáré tì í, yóò tú sí gbogbo ìbàdí, gbogbo ibẹ̀ á máa tàn, kò sì ní sí ohun tí wọ́n máa rí mú.

Nínú ìwádìí FILM ti 2018, ICG fi kókó hàn ju búlúù lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ICG nílò kámẹ́rà tirẹ̀, technetium nílò ẹ̀ka ìmọ̀ ìtànṣán. Búlúù kò nílò ju ojú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ṣì wúlò gan-an níbi tí owó kò pọ̀. Kì í pẹ́ kọjá lọ, nítorí náà, bí wọ́n bá ti gún un, kí wọ́n tètè ṣí ibẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo obìnrin l'Ékòó mọ̀. Búlúù methylene lè ba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀ jẹ́, àìtó G6PD kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti tọ ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì rí lẹ́yìn oògùn ibà, tàbí tí ojú ọmọ tí ẹ bí pọ́n rúsúrúsú títí tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ tún sọ bí ẹ bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, torí àwọn kan nínú wọn kì í bá methylene rẹ́. Ẹni tí iodine ń bá jà kò gbọdọ̀ fi pamọ́ bó bá jẹ́ ICG ni wọ́n fẹ́ lò.

Ìtọ̀ mi di àwọ̀ ewé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣé kò séwu?

Kò séwu. Àwọ̀ búlúù ló ń jáde, yóò mọ́ láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ìka náà lè ka oxygen inú ẹ̀jẹ̀ yín sí ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ torí àwọ̀ yìí. Ìtọ̀ pupa tàbí dúdú ni kí ẹ pariwo fún nọ́ọ̀sì.

Bí àwọ̀ kò bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ńkọ́?

Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró. Bí ọ̀tún bá yọ tí òsì kò yọ, wọ́n lè tún un gún lẹ́ẹ̀kan sí i ní òsì. Bí kò bá yọ síbẹ̀, gbogbo kókó òsì ni wọ́n máa yọ, wọ́n á sì fi ọ̀tún sílẹ̀ pẹ̀lú kókó aṣíwájú nìkan. Kókó tó bá wú tàbí tó le lábẹ́ ìka, wọ́n á yọ ọ́, bí àwọ̀ kò tilẹ̀ kàn án. Kókó tó kún fún jẹjẹrẹ gan-an ni àwọ̀ kì í wọ̀, nítorí náà kí dókítà má gba àwọ̀ gbọ́ ju ìka rẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó ń pa ènìyàn lára jù nínú ọ̀nà yìí ni kí wọ́n rí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé "kókó mọ́" fún méjèèjì.

Báwo ni a ṣe ń ka èsì láàbù?

Wọ́n á kọ iye kókó láti ọ̀tún, iye láti òsì, àti iye tó ní jẹjẹrẹ. Bí jẹjẹrẹ inú kókó bá ju mílímítà 2 lọ, ńlá ni. Láti 0.2 sí 2, kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ṣì sọ ọ́ di IIIC1. Èyí tí kò ju 0.2 lọ, sẹ́ẹ̀lì tó dá wà ni, kì í yí ìpele padà, wọ́n kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Kókó aṣíwájú kò yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mílímítà 2 ní 2, wọ́n á tún gé ìpele mélòó kan láti inú pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi àwọ̀ cytokeratin, tó ń fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ hàn, kùn ún. Láàbù tó bá là á sí méjì péré, tó wò ó lẹ́ẹ̀kan, lè fo èyí tó kéré. Ó ń gba owó àti ọjọ́ kún un, ṣùgbọ́n kókó aṣíwájú tí a kò yẹ̀ wò báyìí kò ní ìtumọ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ yọ ọ́. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè bóyá láàbù wọn ń ṣe é.

Wọ́n la ikùn ìyá wa, wọ́n ní kókó ti ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì pa á dé láìyọ ilé ọmọ. Ṣé wọ́n ti sọ ìrètí nù ni?

Rárá o. Ìpinnu tó dára gan-an ni. Wọ́n fi kókó ránṣẹ́ sí láàbù nígbà tí ìyá ṣì sùn lórí tábìlì, èsì dé lójú ẹsẹ̀ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìtànṣán àti cisplatin ni ìtọ́jú, yálà wọ́n yọ ilé ọmọ tàbí wọn kò yọ ọ́. Yíyọ ọ́ kì í fi kún ẹ̀mí ẹni tí kókó rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ, ìyà ìtọ́jú méjì ló ń fi kún un. Ilé ọmọ tó wà níbẹ̀ tún ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìtànṣán inú, èyí tí wọ́n ń gba ojú ara kì wọlé, sí ojú ibi tó yẹ.

Ohun tó kù ni kí ẹ má fi àkókò ṣòfò. Ìtànṣán ìta máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 5, ti inú á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì yẹ kó parí láàrin ọ̀sẹ̀ 8. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tó ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019 wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é l'Ékòó. Ìwé láàbù, àwòrán MRI tàbí CT, àti ìwé tí dókítà fi ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ kó lọ.

Kí ló lè bàjẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ náà?

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ ni a ń bẹ̀rù jù. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì lè ya bí wọ́n bá fa ọ̀rá lé e lórí. Fífi ìka tẹ̀ ẹ́ ni àkọ́kọ́, kí wọ́n tó wá abẹ́rẹ́ àti okùn. Ẹni tó bá fi ìkánjú kì irin bọ inú ẹ̀jẹ̀ láìríran ló ń sọ ihò kékeré di ńlá. Ó kéré tán, kí àpò ẹ̀jẹ̀ 2 ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ kí ẹbí tó máa sáré kiri.

Bí wọ́n bá gé iṣan ìmọ̀lára obturator, itan á ṣòro láti fà wọ inú, obìnrin náà kò ní lè gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì dáadáa. Kí wọ́n rán an pọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ṣe físíò. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà rìn dáadáa. Bó bá jẹ́ iṣan ìmọ̀lára tó wà lórí psoas, iwájú itan á kàn kú tipiri ni, kì í dí ìrìn lọ́wọ́.

Dréènì yẹn, ọ̀pá tó ń fa omi jáde, ọjọ́ mélòó ló máa wà lára mi?

Ó lè má sí rárá. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọn kò bá rán awọ ikùn ẹ̀yìn pa, omi límfù á wọ inú ikùn, ara á sì fà á mu, dréènì kò sì dín wàhálà kù. Bí wọ́n bá fi sí i, kí wọ́n kọ iye omi lójoojúmọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́ bó bá ti ń dín kù. Dréènì tó pẹ́ lára jẹ́ ọ̀nà fún kòkòrò àrùn.

Ikùn mi ń dùn mí ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní àpò omi ni. Kí ni ká ṣe?

Omi límfù ló kó jọ síbi tí kókó wà tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń yọjú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá kéré tí kò dunni, a kì í fọwọ́ kàn án, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ń tẹ ọ̀pá ìtọ̀ tí kíndìnrín fi ń wú, tó ń tẹ iṣan tí ẹsẹ̀ fi ń wú, tàbí tí ibà bá dé, wọ́n á fi ọ̀pá tín-ín-rín fà á jáde lábẹ́ ultrasound. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lásán fà á léraléra. Á tún kún, kòkòrò á sì wọlé.

Ẹsẹ̀ mi ń wú. Ṣé bó ṣe máa rí títí ayé nìyí?

Ìyà tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ abẹ yìí nìyí, ó sì dùn wá pé a kì í sọ fún àwọn obìnrin tó kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, ó sì lè di ọdún bíi mélòó kan. Bí wọ́n bá ṣe yọ kókó tó, àti bí ìtànṣán bá tẹ̀ lé e, ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Dókítà tó bá fi àwọn kókó ìsàlẹ̀ pátápátá sílẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí iṣan ti wọ itan, ń dáàbò bo ẹsẹ̀ yín. Kókó aṣíwájú nìkan ló ń dáàbò bò ó jù.

Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì: ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá títí dé òkè itan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 wú ju bó ti wà lọ, tàbí tí bàtà kan bẹ̀rẹ̀ sí fún, ẹ tètè wá. Bó bá ṣì jẹ́ pé tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè mọ́jú, á fọn, ìbọ̀sẹ̀ afúnnipọ̀ tí wọ́n wọn fún yín, ìfọwọ́rọra físíò àti eré ìmárale lè ká a kò. Bó bá ti le bí igi, ó ti pẹ́. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, kì í wo irú wíwú yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ náà láti fa omi tàbí ẹ̀jẹ̀ dúdú jáde. Ojú gbẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún kòkòrò láti wọlé, ẹsẹ̀ á pọ́n, á gbóná, ibà á dé, wíwú náà á sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi gbígbóná, rọ́bù agbóná àti fífi abẹ fá irun ẹsẹ̀ náà kò dára. Ẹ wọ bàtà, ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi òróró pa ara kí awọ má bàa là.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì sí ẹsẹ̀?

Wíwú límfù máa ń rọra bọ̀, kì í sì í dunni púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń dé lójijì, ẹsẹ̀ kan, ẹ̀yìn ojúgun á máa ro, ó lè gbóná. Bí èémí bá gé tàbí àyà bá ń dun yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó fún yín ní ìbọ̀sẹ̀ afúnnipọ̀, kí wọ́n fi Doppler, ultrasound tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, yẹ iṣan wò.

Abẹ́rẹ́ enoxaparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mílígíráàmù 40 lójoojúmọ́ ni wọ́n sábà ń fúnni, ó sì lè di ọjọ́ 28 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń wá fún àyẹ̀wò láti Ìkòròdú tàbí Ajah lè jókòó wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kí ó máa gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò nínú ọkọ̀, kí ó mu omi. A mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ mumi torí ìtọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n omi ṣe pàtàkì.

Mo ní HIV. CT ní kókó mi tóbi. Ṣé jẹjẹrẹ ti ràn nìyẹn?

Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ kíákíá. HIV fúnra rẹ̀ ń mú kókó wú, ikọ́ ife náà ń mú un wú, àwòrán PET, tó ń jẹ́ kí ibi tí jẹjẹrẹ wà tàn, pàápàá lè tàn sí wọn bíi jẹjẹrẹ. Kí wọ́n tó tìtorí àwòrán nìkan gbé yín lọ sí IIIC2, ó dára kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tàbí kámẹ́rà gba kókó kan, kí láàbù wá jẹjẹrẹ àti ikọ́ ife nínú rẹ̀. Ẹ má dá oògùn HIV dúró nítorí iṣẹ́ abẹ.

Mo ṣì fẹ́ bímọ. Ṣé kókó ṣì kàn mí?

Ó kàn yín gan-an. Bí jẹjẹrẹ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, wọ́n lè gé ọrùn ilé ọmọ kí wọ́n sì fi ilé ọmọ sílẹ̀. Kókó ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá mọ́, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Bí kò bá mọ́, ọ̀nà yẹn ti pa dé, ìtànṣán ló kù, ó sì yẹ kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹyin ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n yọ ilé ọmọ mi nítorí fáíbúrọ́ìdì, láàbù wá ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ wà níbẹ̀. Kókó mi ńkọ́?

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò bá yẹ ọrùn ilé ọmọ wò kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ. Kókó aṣíwájú kò ṣeé wá mọ́, torí ibi tí à bá gún àwọ̀ sí ti lọ. Àkọ́kọ́, kí láàbù tún àwòrán sẹ́ẹ̀lì wò: báwo ló ṣe wọlé tó, ṣé ó wà nínú òpó límfù, ṣé etí ibi tí wọ́n gé mọ́? Lẹ́yìn náà, MRI ìbàdí, àti CT tàbí PET.

Bó bá jẹ́ IA1 tí kò sí nínú òpó, kò sí ohun mìíràn láti ṣe ju àyẹ̀wò lóòrèkóòrè lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí etí mọ́, tí àwòrán kò sì fi kókó tó wú hàn, wọ́n lè padà wọlé yọ kókó ìbàdí pẹ̀lú ẹran ẹ̀gbẹ́ tó kù, tàbí kí wọ́n fún yín ní ìtànṣán. Bí etí kò bá mọ́, tàbí tí kókó ti wú, ìtànṣán pẹ̀lú cisplatin ni kí ẹ lọ gbà tààrà, ẹ má tún jẹ́ kí wọ́n la ikùn yín. Ẹ gba búlọ́ọ̀kù láàbù (ẹran tí wọ́n gé, tí láàbù fi ìda dì) ti iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba èsì, kì í ṣe ìwé nìkan, torí ara búlọ́ọ̀kù yẹn ni gbogbo ìpinnu yìí dúró lé.